Kọ́kọ́rọ́ Tó Kọ̀ ní Kalisizo

Ọkọ̀ Lwasampijja ní ìwà kan. Ẹni tí kò bá mọ ìwà náà kò lè tan án. Èèyàn á ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀ tán, á fà á sẹ́yìn díẹ̀, bí ìbú èékánná, á fi ọwọ́ òsì mi sítíárì, kó tó wá fi ọwọ́ ọ̀tún yí i wẹ́rẹ́. Bó bá lo agbára, kò ní yí. Bó bá lọ jẹ́ pé táyà iwájú fẹ̀gbẹ́ ti òkúta, àfi kó jókòó kó máa bẹ̀ ẹ́.

Ọdún kẹrin rèé tó ti rí bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì ní kó gbé e wá kóun pààrọ̀ rẹ̀. Lwasampijja ní rárá. Ó ní kọ́kọ́rọ́ tí olè ò lè yí, kí lèèyàn fẹ́ pààrọ̀ níbẹ̀? Ní ibùdókọ̀ wọn ní Kyotera, ó máa ń yọ kọ́kọ́rọ́ náà fún àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n gbìyànjú. Wọ́n á yí i títí wọ́n á fi làágùn. Á wá gbà á, á fi ìka méjì yí i. Ẹ́ńjìnnì á dún.

"Ọwọ́ ni," á ní. "Kì í ṣe agbára."

Ọwọ́ yẹn gan-an ló wá dà á.

Lọ́rì kọfí ló fi mọ ọkọ̀ wà. Ogún ọdún ló fi ń kó kọfí lọ sí Kampala, kò dojú ọkọ̀ dé rí. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kú, ó ra ọkọ̀ kékeré yìí, àlòkù Japan, ó ń fi gbé ẹni tó bá fẹ́ dá ọkọ̀ gbà. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Kì í sáré, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ mẹ́rin ni Nansikombi ìyàwó rẹ̀ bí fún un, gbogbo wọn ti jáde nílé.

Ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Bó bá gbé e lé itan, á máa gbọ̀n fúnra rẹ̀, bí ẹni ń gbọn iyanrìn dànù. Bó bá di sítíárì mú, á dúró. Nítorí náà ó máa ń di sítíárì mú kódà nígbà tí ọkọ̀ ò rìn. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, á ki ọwọ́ bọ àpò. Ìlàjì ife ló ń fi mu tíì. Nansikombi rí i. Ó kàn ń bu tíì náà mọ ní ìlàjì. Lwasampijja mọ ibi tóun ti rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Kò fẹ́ rántí.

Ìdí tó fi ń fi pamọ́ kò ṣòro. Láàárín àwọn Baganda, ẹ̀yà rẹ̀ ní Uganda, ọkùnrin tọ́wọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, ohun kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi ara wọn: kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ìyá ìyàwó rẹ̀? Ọkùnrin kì í fọwọ́ kan ìyá ìyàwó rẹ̀. Kì í jókòó tì í, kì í wò ó lójú. Bó bá ṣèèṣì bá a níbi tó ti ń wẹ̀, kó sá. Ẹni tí kò bá ṣọ́ra, obuko á mú un. Ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, orí rẹ̀ á máa mì, títí wọ́n á fi sin ín. Àìsàn náà kì í dójú ti ẹnì kan. Ẹni méjì ló ń dójú tì.

Lwasampijja kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti rí ìyá ìyàwó rẹ̀ gbẹ̀yìn, níbi òkú kan, láti òdìkejì àgbàlá. Ṣùgbọ́n ta ló máa lọ sọ ọ́ fún?

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Nansikombi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní àwọn dókítà ojú ń bọ̀ láti Kampala sí ọsibítù Masaka lọ́jọ́bọ̀. Ọjọ́ kan péré ni. Wọ́n á gba orúkọ di aago méjìlá ọ̀sán. Ẹni tí wọn ò bá gba orúkọ rẹ̀, ó di oṣù mẹ́fà sí i. Ojú ìyá òun méjèèjì sì ti ń funfun.

"Ẹ bá mi gbé wọn lọ. Nalubowa á jókòó láàárín yín."

Nalubowa ni àbúrò rẹ̀.

"Ọkọ̀ èrò ńkọ́?" Lwasampijja ní.

"Bàbá ọmọ mi, ṣebí awakọ̀ ni yín. Ṣé ọkọ̀ èrò ni ìyá mi á wọ̀ lójú yín?"

Ó gbà láti gbé wọn. Èsì tó ní lọ́kàn kò ṣeé sọ.

Lọ́jọ́bọ̀, kó tó dé ilé ìyá ìyàwó rẹ̀, ní abúlé kan lẹ́yìn Kalisizo, ó da dígí inú ọkọ̀ kọ òrùlé, kó má baà rí ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn. Ó kúrò nídìí ọkọ̀, ó lọ dúró sídìí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn títí ilẹ̀kùn fi pa dé. Nakijoba ni orúkọ ìyá náà. Ó da aṣọ borí. Nalubowa jókòó tì í, ó na ọrùn sáàárín àga iwájú méjèèjì.

"Sọ fún ọkọ ọmọ mi pé mo kí i," ìyá náà ní.

"Ọkọ wa, Màmá ní àwọn kí yín."

"Sọ fún Màmá pé mo kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀."

"Màmá, wọ́n ní àwọn kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àbí ẹ ò gbọ́? Ọkọ̀ kan náà la kúkú wà."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ. Ara Lwasampijja balẹ̀ díẹ̀. Ó di sítíárì mú ṣinṣin, ọwọ́ náà sì dákẹ́.

Wọ́n dé Kalisizo, Nalubowa pariwo pé òun ti gbàgbé ìwé. Ọsibítù kì í gba aláìsàn tí kò bá mú ìwé kékeré tirẹ̀ dání, èyí tí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ àìsàn sí. Ó ní kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan, òun fẹ́ ra òmíràn kíá. Ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, búréèkì ọwọ́ ọkọ̀ náà ò sì gbà dáadáa. Lwasampijja ṣe bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó ń wa lọ́rì: ó yí táyà iwájú lu òkúta etí ọ̀nà, kó má baà yí lọ. Lọ́jọ́ mìíràn, á wo dígí, á fà sẹ́yìn díẹ̀ kí òkúta náà lè jọ̀wọ́ táyà, kó tó pa ọkọ̀. Ṣùgbọ́n òrùlé ni dígí ń wò. Ó ń gbóhùn èèyàn lẹ́yìn ọkọ̀. Bó bá sì yíjú wẹ̀yìn, ojú ìyá ìyàwó rẹ̀ ló máa bá pàdé. Kò fà sẹ́yìn. Ó pa á bẹ́ẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́.

Aago mẹ́sàn-án ò tíì lù. Nalubowa padà dé pẹ̀lú ìwé. Lwasampijja ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò.

Kò yí.

Ó fà á sẹ́yìn díẹ̀, ó mi sítíárì. Sítíárì le bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òkúta ni. Ó mọ̀ pé bí èèyàn márùn-ún bá ti ọkọ̀ náà sẹ́yìn díẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n kó tó lè bẹ èèyàn márùn-ún, ó ní láti sọ̀ kalẹ̀, ó ní láti na ọwọ́ fún wọn kí wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó jókòó síbẹ̀. Ó ní òun máa rọra ṣe é.

Ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ń lu ẹnu ihò rẹ̀, kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́. Ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, àwọn méjèèjì jọ ń gbọ̀n.

Àwọn ọlọ́kadà wà lábẹ́ igi lódìkejì. Ọ̀kan nínú wọn, Mutyaba lorúkọ rẹ̀, wá dúró lójú fèrèsé.

"Ssebo, ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ n bá yín yí i."

"Ṣé ọ̀kadà lo pe èyí?"

"Rárá o. Ọ̀kadà ń ṣiṣẹ́."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, wọ́n sún mọ́ ọn. Ẹnì kan bi í bóyá ó ti fún ọkọ̀ náà lóúnjẹ láàárọ̀. Òmíràn ní bóyá obìnrin ni ọkọ̀ náà, kó kọ́kọ́ kí i. Lwasampijja ní kí wọ́n kúrò lára ọkọ̀ òun, ó ní irú wọn ló ń jí dígí ọkọ̀ tà. Kò yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Mutyaba wò ó, ó padà sẹ́yìn.

Aago mẹ́wàá lù.

"Ọkọ wa," Nalubowa ní, "ọkọ̀ Masaka ló ń lọ yẹn. Àyè méjì ṣì wà níbẹ̀."

"Ó máa yí nísinsìnyí."

"Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà lẹ sọ lẹ́ẹ̀kan."

"Mo ní ó máa yí."

Ọkọ̀ Masaka lọ. Òmíràn náà lọ. Ó ti gbàgbé ojú, ó ti gbàgbé dókítà. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀: kí ìyá ìyàwó rẹ̀ má sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òun wọ tẹlòmíràn lójú gbogbo ayé. Ó fi agbára yí i. Kọ́kọ́rọ́ náà tẹ̀.

Ìgbà náà ni ẹnì kan sọ ọ́, jẹ́jẹ́, bí ìgbà téèyàn bá ń sọ ohun tí gbogbo èèyàn ti rí.

"Obuko ni."

Ẹ̀rín dá. Ó sàn nígbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n wo ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí obìnrin arúgbó kan da aṣọ borí sí. Wọ́n á ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹni tó ń sọ ọ́ kò tíì kú rí. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú yẹn, Lwasampijja ì bá gbà á.

Ó la ẹnu.

"Nalubowa, sọ fún Màmá kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ọkọ̀ yìí ni nǹkan ò ti lọ déédéé."

Ó sọ ọ́ sókè, kí àwọn tó wà níta lè gbọ́. Ìdí tó fi sọ ọ́ sókè nìyẹn. Bí ó ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ló mọ̀ pé irọ́ ni. Ọwọ́ náà ti ń gbọ̀n láti ọdún tó kọjá. Ó kàn gbé e ka ìyá arúgbó náà lórí, kó lè ríbi mí.

Nalubowa fa orí sẹ́yìn. "Iṣẹ́ yìí, ẹ wá ẹlòmíràn tó máa bá yín jẹ́ ẹ."

"Mo gbọ́," ìyá náà ní.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ ò rí ibi tó ń lọ, ó ń na ọwọ́ wá ògiri títí Nalubowa fi dì í mú. Ó dúró sínú oòrùn. Obìnrin kan ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ nítòsí ibẹ̀. Obìnrin náà wò ó, ó dìde, ó fa àpótí tó fi ń jókòó sẹ́yìn, bí ẹni tí kò fẹ́ kí nǹkan ràn án. Lwasampijja rí èyí. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, àpótí yẹn ni kò gbàgbé.

Ó gbìyànjú kọ́kọ́rọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò yí. Ọkọ̀ ti ṣófo, kò sí ìyá ìyàwó nínú rẹ̀ mọ́, kò sì yí. Gbogbo èèyàn rí i pé kò yí.

Ìyá náà ṣí aṣọ lórí. Lwasampijja tẹ orí ba kíá, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará Kalisizo," ìyá náà ní. Ohùn rẹ̀ ò le. "Ojú ni kò ríran, etí mi ò di. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Lọ́jọ́ tí Ntambi, bàbá ọkùnrin yìí, wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wa, a gbé ife lé e lọ́wọ́, ó da gbogbo rẹ̀ sára. Ọwọ́ Ntambi ń gbọ̀n ju èyí lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní obuko ni, ká má fún wọn lọ́mọ. Ọkọ mi bi wọ́n pé, obuko ta? Ìyá ìyàwó Ntambi kú nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣì ń mu ọmú. Ntambi ò rí i sójú rí. Wọ́n dákẹ́. A fún wọn lọ́mọ. Ọwọ́ ilé wọn ni. Kì í ṣe èmi, kì í ṣe òun."

Obìnrin tó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

"Ó ku ti ọkọ̀," ìyá náà ní. "Òkúta ló di táyà mú, táyà di sítíárì mú, sítíárì di kọ́kọ́rọ́ mú. Ọkọ mi ní píkọ́ọ̀pù kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo máa ń bá a tì í. Ẹ ti ọkọ̀ náà sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tì í, mo fẹ́ lọ ṣe ojú mi."

Lwasampijja sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò sí nínú àpò. Ó lọ bá Mutyaba, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i, kọ́kọ́rọ́ náà sì ń jó láàárín ìka rẹ̀ bí ẹja.

"Má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ."

"Èwo nínú wọn?" Mutyaba ní.

"Gbogbo ẹ̀."

Mutyaba gbé kọ́kọ́rọ́ lé òkúta, ó fi òkúta kékeré lù ú títí ó fi tọ́. Ó jókòó sórí àga awakọ̀. Àwọn mẹ́fà dúró síwájú ọkọ̀, Lwasampijja wà nínú wọn, wọ́n tì í gòkè ìbú ọwọ́ kan. Lwasampijja kígbe sí i láti iwájú, ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: "Fà á sẹ́yìn díẹ̀, ìbú èékánná. Mi sítíárì. Má fi agbára ṣe é."

Ẹ́ńjìnnì dún. Kò tó bí ìgbà téèyàn fi ń mi itọ́.

Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì nígbà tí wọ́n dé Masaka. Àwọn aláìsàn ṣì kún ìta, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa ìwé orúkọ dé. Nọ́ọ̀sì kan ní kí wọ́n padà wá nígbà mìíràn, oṣù mẹ́fà sí i. Nalubowa bẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì náà ní ogójì èèyàn ló ń bẹ òun. Lwasampijja dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé lọ bá wọn bẹ̀ ẹ́, torí ibi tí ìyá ìyàwó rẹ̀ jókòó sí.

"Sọ fún ọkọ ọmọ mi pé ká máa relé," ìyá náà ní.

Títí wọ́n fi dé ilé, kò sẹ́ni tó tún rán Nalubowa níṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì. Wọ́n yọ ojú kọ́kọ́rọ́ náà kúrò pátápátá, wọ́n fi bọ́tìnnì kan dípò, bíi ti aago ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á dún. Bbosa, olórí àwọn awakọ̀ ní Kyotera, yọjú wò ó.

"Kí ló dé? Ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń sọ pé ọwọ́ ni, kì í ṣe agbára?"

Lwasampijja yọ ọwọ́ lápò, ó gbé e lé orí ọkọ̀. Ó jẹ́ kó máa gbọ̀n síbẹ̀. Bbosa wò ó títí.

"Ó dáa," Bbosa ní nígbẹ̀yìn. "Ìyàwó ẹ ti rí ẹni tí á máa bá a gbọn asẹ́."

Ẹ̀rín náà pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé.

Ó rán Nalubowa sí ìyá ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú àkùkọ kan àti aṣọ èèpo igi kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe bí ọkùnrin bá ṣẹ àna rẹ̀. Nalubowa mú èsì bọ̀.

"Màmá ní àwọn ti jẹ àkùkọ. Ní ti aṣọ, wọ́n ní òkú la fi ń di irú ẹ̀, ṣé ẹ ti fẹ́ sin àwọn ni?"

"Wọn ò gbà á?"

"Wọ́n gbà á, wọ́n ti ká a. Wọ́n tún ní tí ẹ bá tún fẹ́ gbé àwọn, kí ẹ yí dígí yín padà. Àwọn á da aṣọ borí. Àwọn ò fẹ́ kí ẹni tí kò rí ẹ̀yìn máa fi ọkọ̀ gbé àwọn."

Oṣù mẹ́fà pé. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ti wà lẹ́nu ọsibítù Masaka. Wọ́n gba orúkọ Nakijoba ṣe ìkẹta. Lwasampijja dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ wà níta. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wò ó, ó tún wò ó.

"Bàbá, kí ló ṣe ọwọ́ yín?"

"Ti bàbá mi ni."

"Mo ti ń rò pé..."

"Mo mọ ohun tó o rò."

Ní ọ̀sán, Nalubowa jáde wá bá a. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní wọ́n ti ṣe ojú òsì, á ríran. Ó ní dókítà ní ti ọ̀tún ti kú. Ó ní dókítà bi àwọn pé níbo ni àwọn wà ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn.

"Kí ni Màmá sọ?"

"Wọ́n ní ọ̀nà ò dáa lọ́jọ́ yẹn."

Lwasampijja ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀, ó rìn jìnnà, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn títí ó fi gbọ́ pé ilẹ̀kùn ti pa dé. Ó padà wá, ó tẹ bọ́tìnnì. Ó wo dígí kó tó fà sẹ́yìn. Ìyá náà ti da aṣọ borí, ṣùgbọ́n aṣọ náà ò bo báńdéèjì tí wọ́n fi di ojú rẹ̀ tán. Ó funfun nínú dígí náà. Kò yí dígí kúrò. Báńdéèjì náà wà nínú rẹ̀ títí wọ́n fi kọjá Kalisizo.